Ọwọ́ Ta Ló Po Búrẹ́dì Náà

Ọjọ́ kẹrin, oṣù Kejì

Ọmọ mi, Ọ̀gá Kékeré,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé òtútù ibẹ̀ ti rọlẹ̀? Ara tèmi le, àfi orúnkún tó máa ń rán mi létí pé òun náà wà lára mi. Ìwé ni mo ń kọ nítorí pé lórí fóònù, ẹkún ni mo máa ń sun, ìwọ náà á bẹ̀rẹ̀ sí í sun tìẹ, káàdì á sì tán láìsọ nǹkan kan. Nínú ìwé, mo lè nu ojú mi kí n tó máa bá ọ̀rọ̀ lọ.

Ó pé ọdún kan lọ́sẹ̀ tó kọjá tí bàbá rẹ ti lọ. Mi ò pariwo rẹ̀. Mo gbá ilé búrẹ́dì, mo nu àwọn páànù, mo tò wọ́n padà bí bàbá rẹ ṣe fẹ́ràn kí wọ́n máa wà, ńláńlá nísàlẹ̀, kéékèèké lókè. Lẹ́yìn náà mo jókòó síwájú ààrò. Télọ̀ yọjú láti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó ní, "Ìyá Oníbúrẹ́dì, ẹ̀yin àti ààrò tí kò níná, kí lẹ ń bára yín sọ?" Mo ní ọ̀rọ̀ ẹbí ni, kó padà sídìí ẹ̀rọ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìwé ìgbélùú rẹ kò kúrò lọ́kàn mi. O ní ó máa parí ní ìparí oṣù Kẹfà, pé bí o kò bá rí iṣẹ́ tó bá iṣẹ́ oúnjẹ tí o lọ kọ́ lẹ́yìn ìsìnkú bàbá rẹ mu kó tó dìgbà náà, wọn ò ní fún ọ ní òmíràn. Ilẹ̀ ọ́fíìsì tí ò ń fọ̀ yẹn, ṣé wọn ò kà á sí iṣẹ́ ni? Ta ló ń wọ inú ọ́fíìsì tí ilẹ̀ rẹ̀ dọ̀tí?

Bí kò bá ṣeé ṣe, ilé wà. Ààrò wà. Mi ò ní kí o má wáṣẹ́ o. Mo kàn ní ilé wà.

Ìwé tí mo kọ sí ọ kẹ́yìn, o kò dá a lóhùn. Ìyá ẹni kì í ṣe ẹni tí èèyàn ń jẹ ní gbèsè èsì.

Èmi ni, ìyá rẹ.


Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù Kejì

Màmá mi ọ̀wọ́n,

Mo kúnlẹ̀ kí yín láti ibi tí mo wà. Ẹ kú ìrántí Dádì. Ẹ kú ìnìkanjókòó. Ẹ má bínú pé mi ò fèsì. Ó wù mí kí n kọ̀wé nígbà tí mo bá ní ìròyìn tó dùn, ìròyìn náà ni kò tètè dé.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń wáṣẹ́ níbí. Èèyàn ò kàn ń wọlé tọ ọ̀gá lọ. Ìwé ló máa kọ́kọ́ lọ bá wọn. Wọ́n ń pè é ní síìfíì: ojú ewé kan péré tí o máa fi sọ gbogbo ohun tí o ti ṣe láyé, láti orí èyí tí o ṣe kẹ́yìn padà sẹ́yìn. Lẹ́tà kan á tẹ̀ lé e, tí o máa fi sọ ìdí tí iṣẹ́ wọn fi wù ọ́. Olùkọ́ kan wà ní ilé ìkàwé àdúgbò wa tó máa ń ran àwọn tó ń wáṣẹ́ lọ́wọ́. Ó ka lẹ́tà mi, ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní lẹ́tà náà ti kí ọ̀gá ilé iṣẹ́, ó ti kí ìyàwó rẹ̀, ó ti gbàdúrà fún àwọn ọmọ rẹ̀, ó ti dé ìsàlẹ̀ ewé, kò sì tíì béèrè iṣẹ́.

A tún un kọ. Ilé búrẹ́dì ńlá kan sì pè mí fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Ẹni tó máa jẹ́ olórí fún àwọn tó ń po fúláwà ni wọ́n ń wá. Àwọn mẹ́ta ni wọ́n jókòó kọjú sí mi, ife omi kan wà níwájú mi tí mi ò mọ̀ bóyá kí n mu. Wọ́n ní kí ni mo ṣe ní ilé búrẹ́dì bàbá mi. Mo ní a máa ń po fúláwà, a máa ń dáná, a máa ń pín búrẹ́dì. Obìnrin kan nínú wọn gbójú sókè, ó ní, "Mo ti gbọ́ tiyín. Ìwọ fúnra rẹ ńkọ́?" Màmá, ojú tì mí bí ẹni tí wọ́n ní kó kọrin láàárín ọjà. Mo ní mo ń ran bàbá mi lọ́wọ́. Ohun tí mo kọ sínú síìfíì náà nìyẹn. Mo fi ẹ̀dà rẹ̀ sínú ìwé yìí kí ẹ lè rí i.

Síbẹ̀, ó jọ pé mo wù wọ́n. Ohun tó kù ni pé wọ́n fẹ́ bá ẹni tó mọ iṣẹ́ mi sọ̀rọ̀. Dádì ni ọ̀gá mi, Dádì ò sì sí mọ́. Ẹ̀yin ló kù. Mo ti fún wọn ní nọ́ńbà yín. Bí nọ́ńbà àjèjì bá pè, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pa á. Èdè wọn tí ẹ kọ́ nílé ìwé ti tó lò. Ẹ ṣáà sọ òtítọ́ nípa mi.

Ọmọ yín,
Ọ̀gá Kékeré.


Ọjọ́ kẹfà, oṣù Kẹta

Ọmọ mi àtàtà,

Wọ́n ti pè o!

Ọbẹ̀ wà lórí iná nígbà tí fóònù dún. Bí mo ṣe rí nọ́ńbà gígùn yẹn, mo pa iná, mo wọ bàtà mi tó dáa, mo jókòó dáadáa kí n tó gbé e. Má rẹ́rìn-ín. Èèyàn máa ń mọ̀ nínú ohùn bí ẹnì kan ò bá wọ bàtà.

Obìnrin tó pè náà ní sùúrù, ohùn rẹ̀ tutù. Ó ní irú òṣìṣẹ́ wo ni ọ́. Mo ní ọmọdé ṣì ni ọ́, o ṣáà ń gbìyànjú, gbogbo ohun tí o mọ̀, bàbá rẹ ló kọ́ ọ. Ó ní ṣé o lè darí àwọn òṣìṣẹ́. Mo ní kí wọ́n máa bá mi tọ́ ọ sọ́nà. Mo ní o máa ń ṣorí kunkun nígbà mìíràn, kí wọ́n má gbà fún ọ, kí wọ́n fojú ọmọ tí wọ́n bí wò ọ́. Bí o bá ṣìwà hù, kí wọ́n bá ọ wí, mo ti fọwọ́ sí i. Ó ní, "Ẹ fọwọ́ sí i?" Mo ní pátápátá. Mo fà ọ́ lé e lọ́wọ́ bí bàbá mi ṣe fa èmi náà lé ọ̀gá mi lọ́wọ́ lọ́jọ́ tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ aṣọ, àfi pé mi ò lè rí i kí n dì mọ́ ọn.

Ó tún un sọ pé, "Pátápátá?" Mo mọ̀ pé orí rẹ̀ ti wú. Ó wá dúpẹ́ gan-an. Télọ̀ dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó ní, "Ìyá Oníbúrẹ́dì, bí ẹ bá ti fà mí kalẹ̀ báyìí fún ẹnì kan rí, ǹ bá ti ní ilé alájà méjì."

Nítorí náà fọkàn balẹ̀. Bí wọ́n bá fún ọ ní aṣọ iṣẹ́, wọ̀ ọ́, ya fọ́tò, kí o fi ránṣẹ́. Mo fẹ́ gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ti bàbá rẹ.

Èmi ni, ìyá rẹ tí inú rẹ̀ ń dùn.


Ọjọ́ kọkànlélógún, oṣù Kẹta

Màmá,

Ẹ kú ilé.

Wọn ò gbà mí.

Mo pè wọ́n láti béèrè ìdí. Obìnrin náà kò fẹ́ sọ, mo bẹ̀ ẹ́. Ó ní ẹni tí mo fi ṣe ẹlẹ́rìí ara mi ló sọ pé ọmọdé ni mí, pé mo lórí kunkun, pé àfi kí wọ́n máa ṣọ́ mi. Ó ní òun ò lè fi òṣìṣẹ́ tó pọ̀ tó báyẹn sábẹ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ó ní ó dun òun, nítorí pé mo wu òun.

Màmá, òtítọ́ ni mo ní kí ẹ sọ. Ta ló ń gbìyànjú? Èmi tí mò ń jí kí àkùkọ tó jí?

Mo tún ìwé yín ti oṣù Kejì kà. Ilé wà, ààrò wà. Ẹ dá mi lóhùn, ẹ má fi bò: ṣé ẹ fẹ́ kí iṣẹ́ náà bọ́ lọ́wọ́ mi kí n lè padà wálé ni? Ká ní ẹ pè mí pé "máa bọ̀", ì bá sàn fún mi ju kí n gbọ́ ọ lẹ́nu àjèjì lọ.

Èmi ni.


Ọjọ́ karùn-ún, oṣù Kẹrin

Ọmọ mi,

Orí ìdúró ni mo ti ka ìwé rẹ, nígbà tí mo kà á tán ni mo tó wá àga.

Bẹ́ẹ̀ ni, mo fẹ́ kí o wálé. Kò sí ọjọ́ tí kì í wù mí. Ṣùgbọ́n èmi kọ́ ni mo máa gba ẹ̀yìn rẹ lọ ba iṣẹ́ rẹ jẹ́. Mi ò mọ̀ pé níbi tí o wà, bí ìyá bá ní "ọmọ mi ń gbìyànjú", wọ́n á gbà pé ọmọ náà ò mọ̀ ọ́n ṣe. Ta ló máa dúró níwájú àjèjì kó máa yin ọmọ tí òun fúnra rẹ̀ bí? Wọ́n á ní mò ń polówó rẹ ni. Ẹni tó bá ń fa ọmọ lé ọ̀gá lọ́wọ́, ṣe ló máa ń ní ọmọ náà ò mọ nǹkan kan, kí inú ọ̀gá lè dùn láti kọ́ ọ. Bí wọ́n ṣe ṣe fún mi nìyẹn, bí mo ṣe mọ̀ ọ́n ṣe náà nìyẹn.

Ṣùgbọ́n mo tún ka síìfíì tí o fi ránṣẹ́ sí mi. "Mo ń ran bàbá mi lọ́wọ́." Èmi kọ́ ni mo kọ ọ́. Ìwọ lo kọ ọ́.

Èmi àti ìwọ la mọ̀ pé láti ìgbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti mú ọwọ́ ọ̀tún bàbá rẹ, ọdún méjì gbáko, kò sí búrẹ́dì kan tó jáde nínú ilé yẹn tí kì í ṣe ọwọ́ rẹ ló pò ó. Àga la gbé sẹ́nu ọ̀nà fún wọn. Ìwọ lo máa ń wọ aṣọ iṣẹ́ funfun fún wọn láràárọ̀, ìwọ lo máa ń bu fúláwà díẹ̀ kùn wọ́n láyà, kí àwọn oníbàárà lè máa kí wọn pé, "Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o." Bàbá rẹ á fi ọwọ́ òsì juwọ́. Nígbà tí wọ́n ṣì lè sọ̀rọ̀ díẹ̀, wọ́n ní, "Ọ̀gá Kékeré, má jẹ́ kí wọ́n mọ̀." A ò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀.

Nígbà tí obìnrin yẹn bi mí nípa iṣẹ́ rẹ, bàbá rẹ lórí àga yẹn ni mo rí. Báwo ni mo ṣe máa là á mọ́lẹ̀ fún àjèjì pé kì í ṣe àwọn ló ń po búrẹ́dì náà? Wọn ò tíì pẹ́ níbi tí wọ́n lọ.

Fèsì, jọ̀wọ́.

Ìyá rẹ.


Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, oṣù Kẹrin

Ọmọ mi,

Mo ti ń lọ sí ilé ìfìwéránṣẹ́ débi pé akọ̀wé ibẹ̀ ti ń mi orí kí n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Mo pè ọ́, o ní o wà níbi iṣẹ́. Mo tún pè, o tún wà níbi iṣẹ́. Ilẹ̀ ọ́fíìsì yẹn á ti máa dán bíi dígí.

Bí o bá fẹ́ bínú, bínú sínú ìwé kí n rí i kà. Ìdákẹ́ yìí ni mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń kà.

Oṣù Kẹfà ń bọ̀.

Ìyá rẹ.


Ọjọ́ kọkànlá, oṣù Karùn-ún

Màmá mi,

Mo dọ̀bálẹ̀, mo kúnlẹ̀, èyí tó bá wù yín ni kí ẹ mú. Ẹ dárí jì mí. Kì í ṣe ìbínú ló jẹ́ kí n dákẹ́. Ọ̀rọ̀ yín ni, nítorí pé òtítọ́ ni.

Mo gbé síìfíì mi padà lọ bá olùkọ́ ilé ìkàwé. Ó ní kí n sọ bí ọjọ́ kan ṣe máa ń rí. Ta ló ń ṣílẹ̀kùn? Mo ní èmi. Ta ló ń po fúláwà? Èmi. Bí yíìsì ò bá wú, ta ló ń mọ ohun tó ṣe é? Èmi. Ta ló ń sọ fún àwọn òṣìṣẹ́ pé ó tó àbí kò tó? Èmi náà ni. Ó ní, "Kí wá ni bàbá rẹ ń ṣe?" Mo bú sẹ́kún, Màmá, níwájú gbogbo ènìyàn. Ó fún mi ní ìnujú, ó ní kí n má ṣèyọnu, ọ̀pọ̀ èèyàn ló máa ń sunkún lórí síìfíì, àmọ́ kọ̀ǹpútà ló sábà máa ń pa wọ́n lẹ́kún.

A kọ tuntun. Ohun tó wà nínú rẹ̀ báyìí ni pé mo darí ilé búrẹ́dì fún ọdún méjì nígbà àìsàn ẹni tó ni ín. Ó gùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, kò sì sí irọ́ kankan nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n mi ò tíì fi ránṣẹ́ síbì kankan.

Ilé búrẹ́dì kékeré kan wà ní òpópónà tó wà lẹ́yìn ilé wa. Ìyá àgbàlagbà kan ló ni ín, ọwọ́ ti ń ro ó, ó ń wá ẹni tó máa gba ìdí fúláwà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní òun máa pè yín ní bí ọ̀sẹ̀ méjì sí i kí òun tó rí mi. Bí èyí bá yẹ̀, mi ò tún rí òmíràn tó lè bọ́ sí i kí ìwé mi tó parí.

Síìfíì méjèèjì wà lórí tábìlì mi. Dádì ò sí níbí kí n tọrọ àyè lọ́wọ́ wọn. Ẹ̀yin lẹ ń tọ́jú orúkọ wọn báyìí. Bí ẹ bá ní kí n máa sọ pé mo ràn wọ́n lọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ ni n ó máa sọ, mi ò sì ní bínú sí yín mọ́ láé. Ẹ ṣáà fi ọ̀rọ̀ kan ránṣẹ́ sórí fóònù mi, kí n mọ èyí tí n ó mú lọ.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kẹrìnlélógún, oṣù Karùn-ún

Ọmọ mi,

O ti rí ọ̀rọ̀ tí mo fi ránṣẹ́: mú tuntun lọ. Àlàyé rẹ̀ nìyí.

Nígbà tí ìyá yẹn pè, mi ò wá bàtà kankan. Mo gbé fóònù wọ inú ilé búrẹ́dì, mo jókòó sórí àga bàbá rẹ. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ta gan-an ló ń ṣe búrẹ́dì yín?" Mo kọ́kọ́ ń fi etí aṣọ nu apá àga náà. Ó rò pé fóònù ti já, ó ń ṣe "ẹ ń lẹ́, ẹ ń lẹ́".

Mo ní, "Ọkọ mi ló dá ilé búrẹ́dì sílẹ̀. Ọkọ mi ló kọ́ ọmọ wa. Ṣùgbọ́n ní ọdún méjì tó gbẹ̀yìn ayé wọn, ọkọ mi ò lè gbé ṣíbí. Ọmọ mi ló ń ṣe gbogbo rẹ̀."

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ọ̀rọ̀ náà máa jáde lẹ́nu mi. Mo retí pé nǹkan kan máa wó lulẹ̀. Nǹkan kan ò wó.

Ó ti jáde báyìí, kò ṣeé dá dúró mọ́. Mo sọ fún un nípa ọjọ́ tí wọ́n kó fúláwà tí omi ti wọ̀ wá fún wa, tí o ní kí wọ́n kó gbogbo rẹ̀ padà, tí awakọ̀ náà ń pè ọ́ ní ọmọ kékeré aláfojúdi, tí o sì dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn títí ó fi wa ọkọ̀ rẹ̀ lọ. Mo sọ fún un pé àwọn òṣìṣẹ́ tó jù ọ́ lọ ń dáhùn sí ọ. Ó wá ní, kí ni àléébù rẹ? "Ó lórí kunkun" ti dé orí ahọ́n mi. Mo gbé e mì díẹ̀, mo ní, "Ohun tó bá ti dá a lójú, kò sẹ́ni tó lè yí i padà." Ìyá náà rẹ́rìn-ín, ó ní irú rẹ̀ gan-an lòun ń wá, àwọn tó ń gba gbogbo nǹkan ti sú òun.

Nígbà tí mo gbé fóònù sílẹ̀, Télọ̀ ló dúró sẹ́nu ọ̀nà, bí àṣà rẹ̀. Mo ní ó kúkú yẹ kó gbọ́ ọ lẹ́nu mi. Mo ní, "Télọ̀, búrẹ́dì tí ẹ ń jẹ nígbà tí Bàbá ń ṣàìsàn..."

Ó ní, "Ọwọ́ Ọ̀gá Kékeré ni."

Mo ní, "Ta ló sọ fún ọ?"

Ó ní, "Ẹnu mi ni. Ìyá Oníbúrẹ́dì, ti Bàbá níyọ̀. Bí èèyàn bá jẹ ẹ́ láàárọ̀, omi ló máa mu títí dalẹ́. Bí iyọ̀ yẹn ṣe dín kù báyìí, gbogbo àdúgbò ti mọ̀ pé ọwọ́ ti yí padà."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ̀rọ̀?"

"Ká sọ kí ni? Wọ́n jókòó, wọ́n kun fúláwà, a kí wọn kú iṣẹ́, wọ́n juwọ́ sí wa. Ìyàwó mi gan-an máa ń ní kí n kí wọn dáadáa."

Mo sunkún, mo sì tún rẹ́rìn-ín. Ó yá mi ní aṣọ tó ń rán lọ́wọ́ kí n fi nujú. Aṣọ oníbàárà ni, má sọ fún ẹnikẹ́ni.

Lọ bá ìyá yẹn. Gbé orí sókè.

Ìyá rẹ.


Ọjọ́ kẹwàá, oṣù Kẹfà

Màmá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé, ẹ kú ọ̀rọ̀ ìyànjú. Ẹ bá mi kí Bùrọ̀dá Télọ̀, kí ẹ ní kó fọ aṣọ náà kó tó gbé e fún oníǹkan.

Ìyá náà ò bi mí ní ìbéèrè púpọ̀. Ilé búrẹ́dì rẹ̀ ò tóbi ju tiwa lọ. Páànù ńláńlá wà nísàlẹ̀, kéékèèké wà lókè. Ó ka síìfíì mi tán, ó dojú rẹ̀ délẹ̀ sórí tábìlì, ó ní, "Ó dáa. Fọ ọwọ́ rẹ, kí o ṣe búrẹ́dì fún mi."

Mo ṣe méjì. Mo ṣe àkọ́kọ́ bí mo ṣe máa ń ṣe é. Nínú èkejì, mo fi iyọ̀ sí i bíi ti Dádì, ìwọ̀n tó yẹ, àti ẹ̀kún ìka tí wọ́n máa ń jù lé e lórí nígbà tí wọ́n bá rò pé a ò wò wọ́n.

Ìyá náà gé àkọ́kọ́, ó jẹ ẹ́, ó mi orí pé ó dáa. Ó gé èkejì. Ó jẹ ẹ́, ó dúró, ó wá omi. Ó ní, "Iyọ̀ ti pọ̀ jù nínú èyí. Ta ló ń ṣe báyìí?"

Mo ní, "Èmi ni mo ni ti àkọ́kọ́. Bàbá mi ló ni èyí."

Ó wò mí. Ó tún gé díẹ̀ nínú ti Dádì, ó fi bọ́tà sí i, ó jẹ ẹ́ tán. Lẹ́yìn náà ó ní ọjọ́ Ajé ni mo máa bẹ̀rẹ̀, pé òun ti ń kọ ìwé tí mo máa mú lọ fún àwọn tó ń fúnni ní ìwé ìgbélùú. Ti àkọ́kọ́ yẹn ló ní kí n máa ṣe fún àwọn oníbàárà òun.

Màmá, mi ò tíì ní wálé báyìí. Mo mọ̀ pé ẹ fẹ́ kí n máa bọ̀, ó sì wu èmi náà. Bí ìwé náà bá ti jáde, n ó wá wò yín, a ó jọ dáná sí ààrò yẹn.

Nígbà tí mo fẹ́ máa lọ, ó ní kí n mú ọ̀kan lọ́wọ́ nínú búrẹ́dì méjèèjì. Oníyọ̀ ni mo mú. Mo ti jẹ ẹ́ dé ìdajì, omi ni mo sì ń mu látàárọ̀.

Ọmọ yín,
Ọ̀gá Kékeré.